Kí ẹ tó kọ oògùn tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ọ̀rọ̀ mi fún àwọn ọmọ wa tó ń múra ẹ̀sáàmù ní Gwagwalada

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Mo kí ẹ̀yin ará Gwagwalada níbí, mo kí àwọn tó wọ mọ́tò wá láti Zaria àti Kaduna, ẹ kú ewu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ẹ̀jẹ̀ àti àwọn oògùn tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ẹ̀sáàmù medicine yín ti dé tán, ibẹ̀ sì ni máàkì ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọnù. Mo tún un kọ sílẹ̀ báyìí fún àwọn tó wà lórí call, ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, tí wọn ò ráyè wá, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí nìyí. Oògùn yòówù tó bá kan dídì ẹ̀jẹ̀, ẹ má kọ ọ́ fún èèyàn títí ẹ fi mọ ibi tó ti ń dí ọ̀nà, ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, àti nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dá a dúró tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í da. Mo mọ̀ pé ẹ ti ya cascade yẹn, àwòrán bí àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ji ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, mọ́ ara ògiri yàrá yín, ẹ ń kà á láàárọ̀, ẹ ń kà á lálẹ́, ó dáa, àmọ́ aláìsàn kìí gbé cascade wá, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé wá, ẹ̀yin lẹ máa mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá já, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan yẹn á fún, platelet, àwọn horo tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀, á wá lẹ̀ mọ́ ojú egbò náà, von Willebrand factor ló máa ń so wọ́n mọ́ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn factor, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà pè, á wá ṣiṣẹ́ títí okùn fibrin á fi jáde tó máa di gbogbo ẹ̀ mú ṣinṣin. Nítorí náà, tí platelet tàbí von Willebrand bá ní wàhálà, ẹ̀jẹ̀ ojú awọ lẹ máa rí: imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, nǹkan oṣù á máa da wàràwàrà, àmì pupa tíntìntín á kún ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ factor ló dín kù, inú lọ́hùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ti ń da, oríkèé á wú, ẹran ara á wú, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé ó ti dá á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó fa abẹ́rẹ́ yọ, ìdajì ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Ó wá ku tẹ́ẹ̀sì méjì tí gbogbo lábù ní, PT àti aPTT, wọ́n ń ka bó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó bá gùn, ẹ̀jẹ̀ pẹ́ jù kó tó dì nìyẹn. PT ń wo factor VII. aPTT ń wo XII, XI, IX àti VIII. Àwọn tó kù, X, V, II àti fibrinogen tó ń di fibrin, àwọn méjèèjì ló ń wò wọ́n. Tí PT nìkan bá gùn, ẹ ronú factor VII, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ warfarin, oògùn oníhóró tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́. Tí aPTT nìkan bá gùn, haemophilia ni, àìsàn àbínibí tí factor kan fi ń dín kù, tàbí von Willebrand, tàbí heparin, abẹ́rẹ́ tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí lupus anticoagulant, èyí tó kẹ́yìn yìí kìí mú ẹ̀jẹ̀ da o, dídì ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, examiner fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tí méjèèjì bá gùn, fítámì K tó dín kù, warfarin tó pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ gidi, tàbí DIC, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì káàkiri ara títí factor á fi lò tán. Tí aPTT bá gùn tẹ́ ẹ ò mọ ìdí, ẹ po plasma aláìsàn, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, mọ́ ti ẹni tára ẹ̀ le ní dọ́gbadọ́gba, tó bá wálẹ̀ a jẹ́ pé factor kan ló dín kù, tí kò bá wálẹ̀ a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tíúbù díẹ̀, torí ìwé kìí sábà sọ ọ́. Tíúbù olórí búlúù ni wọ́n ń fi gba ẹ̀jẹ̀ PT àti aPTT. Citrate ló wà nínú ẹ̀, ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan citrate, ìlà wà lára tíúbù náà tó ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé hàn yín. Tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré, tí kò rọrùn, tẹ́ ẹ wá kún tíúbù dé ìdajì, citrate ti pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn, aPTT á gùn, wọ́n á sì máa pe ọmọ tí kò ní nǹkan kan ní ẹni tó ní haemophilia, ìyá ẹ̀ á máa sunkún káàkiri Abuja. Bákan náà, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ yìí láti ara line tí heparin ń gbà. Kí ẹ tó gba èsì gbọ́, ẹ wo tíúbù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan. Ọmọkùnrin ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ilé ni wọ́n bí i sí ní abúlé kan lẹ́yìn Kuje, wọ́n dá a lábẹ́ láàárọ̀, di alẹ́ ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá. Tàbí ti ìdílé Hausa, wanzami, onígbàjámọ̀ wọn, ti gé ẹran kékeré tó wà lọ́nà ọ̀fun ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ, ọmọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì. Gbogbo yín lẹ máa pariwo haemophilia. Ó ṣeé ṣe, abẹ́ dídá ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in ti ń fara hàn nílẹ̀ wa. Àmọ́ ẹ ti gbọ́ pé ilé ni wọ́n bí i sí, ta ló fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì K? Míligíráàmù kan péré, sínú ẹran itan, lọ́jọ́ ìbí, tí kò bá gbà á, factor II, VII, IX àti X ò ní pé lára ẹ̀, torí fítámì K tó ń ti ara ìyá wá sára ọmọ kéré, èyí tó wà nínú omi ọmú náà kéré. PT ọmọ yìí á gùn gan-an, aPTT náà á gùn. Ti haemophilia, PT á wà bó ṣe yẹ kó wà, aPTT nìkan lá gùn. Tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìtọ́jú wọn sì jìnnà síra. Ẹ fún ọmọ ní fítámì K lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí èsì, sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, kìí ṣe sínú ẹran torí ó lè jẹ́ haemophilia, kò ní pa á lára, ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ haemophilia lóòótọ́, VIII ni ti A, IX ni ti B, ara ìyá ló sábà máa ń ti wá, ọkùnrin ló sì ń dà láàmú jù. Ẹ rántí pé factor IX máa ń lọ sílẹ̀ lára gbogbo ọmọ tuntun, nítorí náà B tí kò le ò ṣeé fi ọwọ́ sọ̀yà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ tún un wò tó bá di bí oṣù mẹ́fà. Ẹ má fún wọn ní abẹ́rẹ́ sínú ẹran, ẹ má fún wọn ní aspirin tàbí ibuprofen. Von Willebrand tiẹ̀ wọ́pọ̀ jù ú lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin tí nǹkan oṣù wọn pọ̀ jù ló ní in tí ẹnikẹ́ni ò wò ó rí, wọ́n ti fún un ní blood tonic títí ó ti sú u.

Èyí tó kàn, ẹ máa gbọ́ o, torí ibi la wà nílẹ̀ Àríwá yìí, ẹ ò lè sá fún un. Ejò. Irú paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní carpet viper, Echis, òun ló ń bu àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ṣán jù láti Gombe títí dé Plateau, ìdí nìyẹn tí Kaltungo fi di ibi tí gbogbo èèyàn ń sáré gbé ẹni tí ejò bù lọ. Oró ejò yìí ń ji factor II ní tààràtà, ó ń dá thrombin (factor II tó ti jí, IIa) sílẹ̀ káàkiri ara, gbogbo fibrinogen á lò tán, ẹ̀jẹ̀ á wá di omi lásán. Aláìsàn á dé, ẹsẹ̀ ti wú, èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ò dá.

Tí kò bá sí lábù ńkọ́? Ẹ wá ìgò tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ gíláàsì, kó mọ́, kó gbẹ, ẹ dà bíi milílítà méjì ẹ̀jẹ̀ tuntun sí i, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní mì í, ẹ wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ yí i dà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣàn bí omi, kò dì nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ antivenom, oògùn tó ń pa oró ejò. Ẹ ṣọ́ra, rọ́bà ò dáa fún un, gíláàsì tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ náà ò dáa, ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le pàápàá lè má dì nínú wọn, a jẹ́ pé ẹ máa fi antivenom olówó iyebíye ṣòfò nìyẹn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún un tán, ẹ tún tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe ní wákàtí mẹ́fà, torí bí oró bá ti kúrò, bíi wákàtí mẹ́fà náà ni ẹ̀dọ̀ máa lò kó tó pèsè fibrinogen tó tó. Ọmọdé àti àgbà, iye antivenom kan náà ni, torí oró tí ejò pọ̀ sí wọn lára ò mọ ọmọdé. Kí adrenaline wà nítòsí. Ẹ má fún un ní heparin o, kò ṣiṣẹ́ lórí irú thrombin tí oró yẹn ń dá sílẹ̀. Ẹ má sì máa da plasma sí i lára nígbà tí oró ṣì wà ńbẹ̀, oró náà á tún jẹ ìyẹn náà tán.

DIC tí kìí ṣe ti ejò, ẹ ti mọ̀ ọ́n: platelet lọ sílẹ̀, PT àti aPTT gùn, fibrinogen lọ sílẹ̀, D-dimer, àfọ́kù fibrin, lọ sókè, ẹ wá ohun tó fà á kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, bóyá ibi ọmọ ló já kúrò nílẹ̀ ṣáájú ìgbà ẹ̀, bóyá sepsis, kòkòrò àìsàn tó ti ràn ká ara. TTP, àìsàn tí platelet ń dì nínú àwọn iṣan tíntìntín, náà máa ń mú platelet lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa tó já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àmọ́ PT àti aPTT ò ní nǹkan tó ṣe wọ́n. ADAMTS13, èròjà tó ń gé von Willebrand factor, ló dín kù níbẹ̀, plasma exchange, ìyẹn pípààrọ̀ plasma ẹ̀, ni ìtọ́jú ẹ̀, ẹ má fún un ní platelet àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ pa á bá ń da.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yípadà sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì níbi tí kò yẹ. Ìwé òyìnbó á fún yín ní ẹni tó jókòó pẹ́ nínú bàálù lọ sí Australia tí ẹ̀jẹ̀ fi dì sí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ dá a lóhùn bí ìwé ṣe ní kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ máa bá nínú wọ́ọ̀dù ní Zaria tàbí Kano, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, kò lè mí tó bá dùbúlẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti tóbi. Peripartum cardiomyopathy nìyẹn, láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ilẹ̀ Hausa wà lára ibi tó wọ́pọ̀ jù láyé. Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Zaria ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ronú pé omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ ìyá ọmọ fún ogójì ọjọ́ àti kánún tí wọ́n ń pò sínú ẹ̀kọ fún un wà lára ohun tó ń fà á, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tó kàn wá lónìí ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan nínú ọkàn tí kò lè fún un jáde máa ń dì, ó sì lè bọ́ lọ sí ọpọlọ, ẹni ọdún 22 á wá ní rọparọsẹ̀. Tí ọkàn ẹ̀ ò bá lágbára rárá, ó nílò oògùn tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ tún fi àwọn tó ní sickle cell kún un, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń dì ju ti èèyàn tó kù lọ, tí àyà bá ń dùn wọ́n tí wọn ò lè mí, ẹ má sọ pé crisis ni kẹ́ ẹ sì lọ sùn, PE, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró, lè wà níbẹ̀.

Heparin la máa kọ́kọ́ sọ. Ọdún 1916 ni Jay McLean rí i ní Johns Hopkins, akẹ́kọ̀ọ́ medicine bíi tiyín ni nígbà yẹn, ìyẹn yẹ kó wú yín lórí. Kò lè dí nǹkan kan fúnra ẹ̀, antithrombin tó wà lára wa ló ń ràn lọ́wọ́, tí antithrombin á wá mú factor IIa àti Xa. Bó bá ti wọnú iṣan báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aPTT lẹ fi ń ṣọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá sì dá a dúró, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń da, protamine, míligíráàmù kan fún 100 units, kó má kọjá míligíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan. Enoxaparin, tí wọ́n ṣe láti ara heparin, ń mú Xa jù, 1 mg/kg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ìtọ́jú, kíndìnrín ló ń gbé e jáde, nítorí náà tí creatinine clearance, ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, bá ti wà lábẹ́ 30, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Protamine ò lè dá gbogbo ẹ̀ padà.

Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ níhìn-ín: ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí heparin, enoxaparin náà bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí lè bi yín, ẹ má purọ́ fún un. Ẹ sọ òótọ́, ẹ ṣàlàyé pé fondaparinux wà tí wọn ò fi ẹranko kankan ṣe, àti pé tí kò bá sí òmíràn, ẹ̀sìn fúnra ẹ̀ ní ìlànà darura fún ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kó bá alùfáà ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí àyè bá wà. Ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bẹ́ẹ̀ ló máa ń padà wá gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Tí platelet bá já lulẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ heparin, HIT ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, ìyẹn àìsàn tí heparin fúnra ẹ̀ ń fà. Platelet kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dì ni. Gbogbo heparin, tó fi dé èyí tí wọ́n fi ń fọ line, kó dúró. Ẹ fi fondaparinux tàbí argatroban rọ́pò ẹ̀, ẹ má sì tíì fún un ní warfarin àyàfi tí platelet bá ti padà.

Warfarin wá ńkọ́? Àwọn màlúù ní Canada àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀ kú ní ọdún 1920 sókè torí koríko sweet clover tó ti bu, ibẹ̀ ni Karl Link ní Wisconsin ti tọpa ẹ̀. Oògùn eku ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún ní 1948, wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn ní 1954, wọ́n sì fún Ààrẹ Eisenhower ní 1955 lẹ́yìn tí ọkàn ẹ̀ kọlù ú. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kìí jẹ́ kí fítámì K padà sí ipò tó fi lè wúlò, nítorí náà II, VII, IX, X, protein C àti protein S tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ò ní lágbára. Àmọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò tán, ibẹ̀ ni wàhálà wà. VII máa ń tètè lọ, bíi wákàtí mẹ́fà, INR, nọ́ńbà tí wọ́n fi PT ṣírò láti fi ṣọ́ warfarin, á gòkè, inú yín á dùn. Protein C náà tètè lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì dúró. Factor II tó ṣe kókó ṣì wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń fẹ́ dì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, awọ ẹlòmíì tiẹ̀ lè kú. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ fún un ní heparin pọ̀ mọ́ ọn, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún, títí INR á fi wà ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí 24. Tẹ́ ẹ bá lóye ìpínrọ̀ yìí, ẹ ò nílò láti há a sórí.

Tí INR bá wà láàárín 4.5 sí 10 tí ẹ̀jẹ̀ ò da, ẹ dá oògùn dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wò. Tó bá ju 10 lọ, ẹ fún un ní fítámì K lẹ́nu. Tí ẹ̀jẹ̀ tó le bá ń da, fítámì K sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú PCC, àkópọ̀ àwọn factor tó nílò fítámì K, níbi tí kò bá ti sí PCC, plasma.

Àwọn tuntun, rivaroxaban àti apixaban ń mú Xa, dabigatran ń mú thrombin. Wọ́n rọrùn, INR ò sí níbẹ̀. Idarucizumab ló ń dá dabigatran dúró. Àmọ́ ẹ má fún ẹni tó ní fáàfù irin nínú ọkàn, warfarin nìkan ni tiẹ̀. Ẹni tí rheumatic fever ba mitral valve ẹ̀ jẹ́ tí atrial fibrillation sì wà, warfarin náà ni, ìwádìí INVICTUS ní 2022 fi hàn pé ó sàn ju rivaroxaban lọ fún wọn, irú aláìsàn yẹn sì pọ̀ nínú clinic wa. Aláboyún, enoxaparin ni, torí warfarin lè ba ọmọ jẹ́ nínú oyún, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lo warfarin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a lẹ́nu ọmú nítorí ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, arábìnrin kan béèrè nípa àwọn tó ń gba ààwẹ̀, òmíì béèrè nípa zogale, ewé moringa. Ẹni tó ń lo apixaban lè lo ọ̀kan lásìkò sààrì, ọ̀kan lásìkò ìṣínu. Rivaroxaban 20, oúnjẹ gidi ló yẹ kó bá a wọlé, nítorí náà kó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu, kìí ṣe pẹ̀lú dàbínù àti omi nìkan. Ní ti zogale, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbogbo ewé tútù, fítámì K wà nínú wọn, àmọ́ ẹ má ní kí aláìsàn warfarin má jẹ ẹ́ mọ́. Kó jẹ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́, kó má jẹ abọ́ ńlá lọ́sẹ̀ yìí kó sì fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju zogale lọ ni Flagyl àti Septrin tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìbi ẹnikẹ́ni, méjèèjì ń gbé INR sókè gan-an. Rifampicin ti àwọn onítíbì, òun ń fà á wálẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé, tàbí tó bá dúró, ẹ pe aláìsàn náà padà wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún fún INR, ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ nílé sínú fáìlì.